Màámi Ti Ń Bá Mi Rìn Láàárọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọyẹ́ ti dé sí Òmù-Àrán. Eruku pupa ti bo gbogbo páànù ilé, ètè wa sì ti ń bó. Ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ni mo wà tí mo ń kọ èyí sí yín.

Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn wá síbi iṣẹ́ báyìí. Epo bẹntiróòlù tó wọ́n ló kọ́kọ́ fà á, àmọ́ bí ọlọ́kadà bá ní òun fẹ́ gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, màá ní kó máa lọ. Mo ti wá mọ ohun tó máa ń mú yín pẹ́ lọ́nà bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ bọ̀ láti ilé ìwé tí ẹ ti ń ṣe tíṣà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láti àgbàlá dé àgbàlá, òun ló ń mọ ilé tí wọ́n ti bímọ. Báwo lẹ ṣe máa ń tètè rí òkúta tó lè gbé ènìyàn ṣubú, tẹ́ ẹ ó fi ọ̀pá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà? Èmi náà ti ń fi ẹsẹ̀ tì í.

Ọ̀rọ̀ Màámi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Lẹ́yìn tí a sin yín tán, tí àwọn ẹbí wa tó wá láti Èkó ti padà, Màámi ò yọjú síta mọ́. Orí àga yín ni mo máa ń fi wọ́n sí láàárọ̀, orí rẹ̀ náà ni mo sì máa ń bá wọn nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń pè wọ́n ni, Bàbá?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn mi. Màámi ni, wọ́n ti wé gèlè.

“Jẹ́ n sìn ọ́ dé ìta.”

A jọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì padà. Lọ́jọ́ kejì, a dé ìdí igi dóńgóyárò. Ìyá ẹlẹ́kọ tó wà níbẹ̀ fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, ó sáré wá dì mọ́ wọn.

“Ìyàwó Tíṣà, ojú yín rèé!”

Láti ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀ là ń fi kún ìrìn wa. Bí mo bá ń yára jù, wọ́n á rọra fà mí láṣọ.

Láàárọ̀ yìí, a dé itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé wọ́n á ní ká tètè kọjá ni. Wọ́n yà wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí ibojì yín.

“Olówó orí mi, ẹ ò tiẹ̀ dúró dè mí.”

Wọ́n wá sunkún. Ẹkún tí wọn ò sun lọ́jọ́ ìsìnkú nìyẹn. Mo dì wọ́n mú, mo fi aṣọ iṣẹ́ funfun jókòó sórí ilẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n nu ojú. Wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn aláìsàn ń retí mi, pé àwọn mọ ọ̀nà ilé. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Wọn ò kọjú sílé, Bàbá. Ọ̀nà ọjà ni wọ́n gbà.

Ẹ máa sinmi, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ yín.