Agbọ̀n Tí N Kò Tú Wò

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ọmọ yín ni. Mo mọ̀ pé kò síbi tí mo lè fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ǹ bá sọ ọ̀rọ̀ náà fún ní Sábó níbí, ó kàn wọ́n. Ẹ̀yin nìkan ló kù.

Àlàáfíà ni ilé wà. Òjò ọdún yìí gbé díẹ̀ lọ lára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ tuntun, àwọn ọkọ̀ tó ń kó obì lọ sí Òkè Ọya kì í fẹ́ dúró pẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá ti dé, ariwo fèrè ni. Yàrá yín ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun aláásárì, nítorí ilé ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó.

Ìyá, wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn olóbì. Ẹ ó ti máa rẹ́rìn-ín. Èmi tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ! Nítorí orúkọ yín ni wọ́n ṣe fi mí ṣe é. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo gbà á bí ẹni pé èmi ni mo làágùn rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀yin jẹ́ olórí, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yẹ agbọ̀n wò kí ọkọ̀ tó kó obì? Ẹ ó kọ́kọ́ yọ yẹtí yín, n kò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Kí ẹ tó fọwọ́ kan agbọ̀n ẹnikẹ́ni, ẹ ó da tiyín sórí ẹní lójú gbogbo wọn, ẹ ó máa la gbànja wò, èyí tí kòkòrò bá ti jẹ, ẹ ó gbé e sókè kí wọ́n rí i. Ojú máa ń tì mí nígbà náà. Mo máa ń rò ó pé kí ló dé tí ìyá tèmi ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí ara rẹ̀. Ṣé ẹ ti gbé agbọ̀n kan kọjá láìtú u rí, kí ẹ tó kọ́ ọgbọ́n yẹn? Ǹ bá ti bi yín nígbà tí ẹ wà.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni àyè gbà mí. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, tí awakọ̀ ń fọn fèrè, mo tú ti gbogbo èèyàn wò, mo ní kí wọ́n gbé tèmi sọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa tú agbọ̀n olórí?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awakọ̀ gbé agbọ̀n kan padà wá láti Kánò. Kòkòrò ti rún obì inú rẹ̀ lúbúlúbú. Àkísà tí oníkálukú fi ń ṣàmì sí agbọ̀n rẹ̀ ti já bọ́ lójú ọ̀nà, wọn kò mọ ẹni tó ni ín. Èmi mọ̀. Etí agbọ̀n náà ya nígbà ọyẹ́, èmi ni mo fi okùn rán an látinú, níbi tí ewé máa ń bò. Bí mo ṣe ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo bá okùn náà níbẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Alákè, ọ̀rẹ́ yín. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í ríran dáadáa mọ́. Àwọn obìnrin ní ó ní láti jẹ́ pé lẹ́yìn tí mo yẹ tiwọn wò ni wọ́n ṣèèṣì kó obì tó ti bàjẹ́ kún un. Ìyá Alákè búra, wọ́n sunkún. Nígbà tí àwọn obìnrin ní kí olórí sọ̀rọ̀, ẹnu èmi yìí ni ìdájọ́ ti jáde: kí Ìyá Alákè má bá wa kó obì mọ́ títí àwẹ̀ yóò fi parí. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi gé ti ẹlòmíràn, mo fi tèmi pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Àwọn obìnrin sì ń yìn mí! Wọ́n ní n kì í ṣe ojúsàájú, wọ́n ní àfi bíi pé ẹ̀yin gan-an lẹ padà wá. Ìyá, ẹ má bínú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Kò sẹ́ni tó ń lé irọ́ tèmi rárá. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Àràárọ̀ ni mò ń gba iwájú ilé Ìyá Alákè kọjá. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ wọn á dilẹ̀, ní àkókò tí ẹgbẹ́ wọn ń ṣa obì. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n á gbàdúrà fún mi, wọ́n á ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n rí ìtìjú. Mo máa ń ṣe àmín.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo gbé agbọ̀n náà lọ sí ìpàdé. Mo fi ibi tí mo rán hàn wọ́n, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ní kí wọ́n gba ipò wọn. Wọ́n ní kí Ìyá Alákè padà wá, kí èmi ṣì máa ṣe é títí wọn yóò fi rí ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti yọ, ẹ̀rín á tán.

Mo lọ sílé Ìyá Alákè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó mọ́. Mo ń retí èpè. Ìyá Alákè ní:

“Agbọ̀n kọ́ ló ń dùn mí. Gbogbo àárọ̀ tí o fi ń kúnlẹ̀ kí mi yẹn, kí lò ń rò nínú ọkàn rẹ?”

Ìyá, kí ni ǹ bá sọ?

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Alákè ń di agbọ̀n wọn lọ́wọ́ nígbà tí mo kọjá. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n dáhùn. Mo dúró díẹ̀ bóyá ó kù. Wọn kò gbàdúrà.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ gidigidi.