Orúkọ Bàbá Mi Nínú Ìwé Ọkọ̀ Ojú Omi

Mọ́ńdè, 6 oṣù kẹwàá, 2025
Kí n kọ́kọ́ yọ gbèsè kúrò nílẹ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà owó dátà tí mo jẹ Ṣùkúrù, mo san án láàárọ̀ yìí. Kò ku kọ́bọ̀. Ó yá, ìwé mi, ó tọ́jọ́ mẹ́ta.

Ohun tí mo fi dátà ṣe: Tèmídayọ̀, ọmọ mi tó wà nílùú òyìnbó, rí ilé ìkàwé kan tí wọ́n kó ìwé ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ pamọ́ sí — orúkọ àwọn atukọ̀, ohun tí ojú wọn rí, gbogbo ẹ̀. Mo ní kó bá mi wá bàbá mi. Jùwọ́nlọ Àkànbí, ará Fìdítì. Wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ní 1979, ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí. Wọn ò padà.

Ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì máa ka orúkọ àwọn òkú wa. Màmá ò gbà kí a kọ orúkọ ọkọ wọn sí i rí. Wọn ò ṣopó. "Ta ló sọ fún yín pé Àkànbí kú?" Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Wẹ́sìdeè, 8
Kò sí Jùwọ́nlọ kankan níbẹ̀.

Sátidé, 11
Tèmídayọ̀ pè, ẹ̀rín ń pa á. "Màmá, mi ò rí bàbá àgbà, àmọ́ mo rí Bàbá Ìlọrà. Wọ́n ti kú láti 1981! Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá ọ̀run tutù."

Bàbá Ìlọrà — Nathaniel, ọ̀rẹ́ bàbá mi, atukọ̀ bíi tiwọn. Ọ̀gá Ọkọ̀ ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tó ń gbé iyán mì bí ọmọ ogún ọdún! A rẹ́rìn-ín títí.

Àwọn náà ló wá sọ fún Màmá ní 1985 pé àwọn rí Àkànbí ní èbúté kan, pé ó sanra, pé ó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Màmá ń jẹ bí oúnjẹ láti ọjọ́ náà.

Tọ́sìdeè, 16
Àwòrán ojú ìwé náà dé. Tèmídayọ̀ túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún mi lórí fóònù, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nathaniel, ará Ìlọrà. Ibà. Ó kú lọ́jọ́ karùn-ún. Wọ́n rán an sínú aṣọ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sọ ọ́ sókun. Ẹrù rẹ̀: ṣòkòtò mẹ́ta, Bíbélì Yorùbá kan, bàtà pupa ọmọbìnrin kékeré, tuntun. Àmì ara: ilà mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Ọ̀gá Ọkọ̀ ò kọlà. Ọmọ pásítọ̀ ni wọ́n, ojú wọn dán bí abọ́.

Bàbá mi ló kọlà.

Wọ́n ta ẹrù náà fún àwọn atukọ̀ yòókù. Iye tí wọ́n ta bàtà náà wà níbẹ̀. Mi ò jẹ́ kí Tèmídayọ̀ kà á sí mi létí.

Fráìdeè, 17
Màmá bi mí ohun tó ṣe ojú mi. Mo ní èéfín gààrì ni.

Sọ́ńdè, 19
Láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ mọ́tò lọ Ìlọrà. Ẹgbẹ̀rún kan àlọ, ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀. Mo bá Ọ̀gá Ọkọ̀ níwájú ilé, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. "Ìyàwó mi, kí lo mú bọ̀ fún mi?"

Mo na fóònù sí wọn. "Wọ́n ní ẹ ti kú, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n kà á. Ẹ̀pà dà sílẹ̀.

Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ló dá ní 1979, àwọn ò lè wọkọ̀. Bàbá mi ò ní ìwé atukọ̀, wọ́n yá a ní tiwọn, ó fi orúkọ wọn wọkọ̀. Lẹ́tà ikú wá dé ilé wọn ní Ìlọrà. Wọ́n sun ún — ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n.

"Ìyá rẹ ń bi mí, ó ń bi mí. Mi ò lè wo ojú ẹ̀ mọ́. Mo ní mo rí i. Irọ́ ẹyọ kan ni, Adéwùnmí. Mo rò pé á tó o lọ́dún kan."

"Ó tó o lógójì ọdún, sà."

Wọ́n ní kí n máà sọ fún Màmá. "Ṣé o fẹ́ pa á ni?" Mo ní ẹnu tó sọ pé ó wà láàyè ni Màmá máa ti gbọ́ pé ó kú. Wọ́n sunkún. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń ṣa ẹ̀pà.

Mọ́ńdè, 20
Màmá bi mí lónìí: "Nathaniel ò tíì wá kí mi lóṣù yìí. Ṣé ara ẹ̀ le?" Mo ní ara wọn le.

Mo pè wọ́n. Mo ní Sọ́ńdè ni ṣọ́ọ̀ṣì máa pa ìwé orúkọ dé. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ sọ. Bí ẹ ò bá lè wá, ẹ sọ, kí n sọ ọ́ fún Màmá fúnra mi.

Mo ní mo ń retí èsì yín lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n.