Alifáfà Tí Mo Gbìn fún Màlúù Màmá Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run ò ní gbé ẹrù tó ju agbára yín lọ kà yín lórí. Àwa náà wà, orúnkún mi nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, màmá rẹ ní kí n máa fi epo sí i.

Irúgbìn alifáfà, ewéko òyìnbó tí o ní ká gbìn fún oúnjẹ màlúù, ti dé. Nígbà tí mo tú àpò ẹ̀, mo rò pé wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ ni, torí ó kéré bí iyanrìn. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo kọ ebè ńláńlá fún un bí a ṣe ń kọ fún iṣu, mo gbẹ́ ihò tó jìn dé ìgúnpá, mo bò ó dáadáa kí otútù má baà mú un. A retí retí, kò sí nǹkan kan. Màmá rẹ ní ṣé gbígbìn ni mo gbìn ín àbí sísin ni mo sin ín.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣe é fi ṣeré, torí màlúù ọ̀hún ti lóyún, ó sì ti rù. Màmá rẹ ní tí oúnjẹ ẹ̀ ò bá hù kí òjò tó lọ, òun máa tà á ni, òun ò ní jókòó kí ebi pa á lójú òun. Alápatà ti gbọ́. Ojoojúmọ́ ló ń yà kí wa, màlúù ló sì kọ́kọ́ ń kí, á fọwọ́ pa á lẹ́yìn, á ní pẹ̀lẹ́ o, bí ẹni pé ọmọ ìyá ẹ̀ ni.

Ni mo bá tẹ ọkùnrin olùkọ́ àgbẹ̀ tí o fi sínú fóònù mi. Mo kí i, kò dáhùn. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀, tiẹ̀ ló ń sọ lọ. Kò ní ẹ̀kọ́ ilé, àmọ́ ó ní sùúrù, torí gbogbo ìgbà tí mo bá tún un tẹ̀, ṣe ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò bínú. Aṣọ kan náà ló sì ń wọ̀ ṣáá, bá mi ra ṣẹ́ẹ̀tì fún un.

Ó ní ilẹ̀ alifáfà gbọ́dọ̀ le kí ẹsẹ̀ má baà rì, ká kàn fọ́n irúgbìn sójú ilẹ̀, ká fi iyẹ̀pẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Ni mo bá wó gbogbo ebè, mo tọrọ irúgbìn díẹ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ẹ, mo pe àwọn ẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n wá bá mi tẹlẹ̀. Ẹnì kan kọrin, ìtẹlẹ̀ bá di ijó. Bàbá télọ̀ jó títí ṣòkòtò ẹ̀ fi ya, òun ló sì rán an fúnra ẹ̀ o. Àwọn tó ń kọjá ní kí là ń ṣe, mo ní oúnjẹ màlúù ni, ni wọ́n bá rọra gba òdì kejì ọ̀nà.

Nígbà tí ilẹ̀ le tán, mo fọ́n irúgbìn náà, mo fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ti hù o! Òjò kan rọ̀, gbogbo ilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Mo pariwo débi pé màmá rẹ gbé ìgbálẹ̀ sáré jáde, ó rò pé ejò ni. Alápatà tún yà, màmá rẹ ní kó lọ máa kí màlúù ẹlòmíì.

Àmọ́ ọkùnrin inú fóònù ní màlúù ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án títí gbòǹgbò ẹ̀ á fi mú ilẹ̀. Mo ní kó wá sọ fún màlúù fúnra ẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo wá jókòó sẹ́nu oko báyìí, tí mò ń fi ọ̀pá lé màlúù kúrò nídìí oúnjẹ ẹ̀. Ó ń wò mí, mò ń wò ó. Lánàá mo tòògbé díẹ̀, nígbà tí mo lajú, ó ti jẹ igun kan, ó ń lá fìlà mi. Jọ̀ọ́, tètè fi owó wáyà ránṣẹ́ kí n fi ṣe ọgbà.

Gbogbo ohun tí o bá gbìn á hù. Ẹnikẹ́ni ò ní fi ọ̀pá jókòó tì ọ́ nídìí oúnjẹ rẹ.

Èmi ni, bàbá rẹ, lẹ́nu oko.