Ọkùnrin Tó Sẹ́ Ìyá Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì ní Ìsarà

Ìsarà-Rẹ́mọ,
Ọjọ́ Àìkú.

Tàjúdéènì Àrẹ̀mú, ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run bá ọ níbi tí o bá ti ń ka ìwé yìí, ì báà jẹ́ lórí àga ọ́fíìsì, ì báà jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ara mi le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò. Ṣé ìyàwó rẹ ń jẹun dáadáa? Ṣé oyún náà kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀, ohùn ọmọ la máa gbọ́ níbẹ̀, a ò ní gbọ́ ohùn mìíràn. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní obì ti ń so lóko, ṣùgbọ́n kòkòrò ń bá wa pín in. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, nítorí ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀.

Àrẹ̀mú, ojú mi rí nǹkan. Lẹ́tà rẹ tí o fi sọ pé ibi iṣẹ́ rẹ ń gbé ọ kúrò l'Ékòó lọ sí Kàdúná, àti pé ìwọ fúnra rẹ lo máa wá mú mi ká jọ wọ ọkọ̀ ojú irin, kí n lè lọ bá yín wẹ ọmọ, gbogbo àdúgbò ni mo fi hàn. Mo ti ń di ẹrù. Ni Bánkẹ́ ìyàwó Yúnúsà, tí ilé wọn kángun sí tiwa, bá ní kí n jẹ́ ká lọ wo sinimá ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ó ní ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà ni, tí wọ́n jọ ń rìnrìn àjò, ó ní ó ń pani lẹ́rìn-ín, àti pé màá rí bí wọ́n ṣe ń ṣe lójú ọ̀nà kí n má baà ṣe bí ará oko níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Mo ní ohun tó dára ni. Mo wọ bùbá funfun mi.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé, lọ́sàn-án gangan. Mo bi Bánkẹ́ pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe tí wọn ò fẹ́ kí oòrùn rí. Kó tó dáhùn, iná tàn sára aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú, mo sì rí obìnrin àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ nínú mọ́tò. Ọmọ wọ kóòtù, ó de táì. Ìyá gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ lé ẹsẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí àwa ará Rẹ́mọ gan-an. Inú mi dùn, mo kí i pé ẹ kú ìrìn. Kò dáhùn. Mo ní bóyá ariwo mọ́tò ni.

Wọ́n dé ilé epo kan, àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà sì wà níbẹ̀ nínú mọ́tò tó ń dán. Wọ́n bi í pé ta ni màmá tó ń rùn bí ẹja yìí. Àrẹ̀mú, ó wo ìyá rẹ̀ lójú, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, ó ní òun kàn ṣàánú rẹ̀ gbé e lójú ọ̀nà ni! Ó ní kí ìyá sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi. Bí ìyá ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó ṣáná sí mọ́tò, ó wà á lọ. Ìyá ń sáré tẹ̀lé e, ẹja ń já bọ́ nínú agbọ̀n. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bánkẹ́ rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Èmi dìde, mo ní ẹ̀yin ènìyàn, ṣé ẹ ò lójú àánú ni? Ẹkún ni mo ń sun tí Bánkẹ́ fi mú mi délé.

Bàbá rẹ ní kí n fọ̀rọ̀ sílẹ̀, pé eré ni. Mo ní irú eré wo ni kí ọmọ já ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nílé epo? Ṣùgbọ́n mo ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọ náà á ti ronú, á ti padà lọ mú ìyá rẹ̀. Ni mo bá tún lọ lánàá, èmi nìkan, mo bu ìkọ́kọrẹ́ sínú abọ́ dání, kí n lè fún ìyá náà bí mo bá rí i, nítorí kò fẹnu kan nǹkan kan lójú ọ̀nà.

Ọmọ mi, o ò ní gbà gbọ́. Ó tún ṣe é! Kóòtù kan náà, ilé epo kan náà, irọ́ kan náà. Ìyá tí mo rò pé ojú rẹ̀ á ti là tún ń múra láti sọ̀ kalẹ̀. Mo pariwo, mo ní Ìyá, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o, bó ṣe ṣe yín lánàá nìyẹn! Ó sọ̀ kalẹ̀. Mo sáré lọ sídìí aṣọ funfun náà kí n lè fà á padà, mo wo ẹ̀yìn aṣọ, ògiri ni mo bá níbẹ̀, àti alángbá kan. Wọ́n ń pariwo pé kí n kúrò níwájú, nítorí mọ́tò náà ti ń gba orí bùbá mi kọjá.

Bí mo ṣe ń fi ìbínú jáde ni mo rí i. Ọmọ náà fúnra rẹ̀! Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú, mo ní níbo lo gbé ìyá rẹ sí? Ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Fábíyìí lorúkọ òun, òṣèré lòun, ìyá òun wà nílé ní Ṣàgámù. Ó ní inú rọ́bà ni wọ́n ká eré náà sí, ó sì fi rọ́bà náà hàn mí, ó dúdú, ó gùn, ó lọ́ pọ̀ bí ìfun ewúrẹ́. Mo ní bó bá jẹ́ inú ìfun yìí ni ìyá náà wà, ẹ tú u sílẹ̀. Ló bá nawọ́ sí ọmọbìnrin kan tó ń ta gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tí oyún rẹ̀ ti yọ síwájú. Ó ní ìyá náà rèé, ìyàwó òun ni, páúdà làwọn fi sọ irun rẹ̀ di funfun. Àrẹ̀mú! Ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó sílé, tó ń pè é ní ìyá níwájú gbogbo ayé, tó tún wá ń sẹ́ ẹ nílé epo! Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí kí n wọlé lọ wo ìparí, ó ní láti ọjọ́ táwọn ti ń gbé eré náà kiri, kò tíì sẹ́ni tó sunkún nítorí òun rí. Mo gbé ìkọ́kọrẹ́ fún un, torí oyún inú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán lójú mi.

Mo padà wọlé. Awakọ̀ lọ́rì kan ti ṣàánú ìyá, ó ti gbé e jókòó níwájú. Wọ́n bá ọmọ náà lójú ọ̀nà, mọ́tò rẹ̀ ti bà jẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ lọ, òjò ti pa á gbindingbindin. Ó ń nawọ́ sí wọn. Awakọ̀ bi ìyá pé ṣé ẹ mọ ọ̀gbẹ́ni yìí? Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó bu ẹja sẹ́nu, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Lọ́rì bá lọ. Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Ti ọmọ yẹn yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ti ìyá yìí ló mì mí jù. Ọmọ tó bí! Nínú òjò!

Mo ti fẹ́ kọ̀wé pé mi ò lọ sí Kàdúná mọ́. Bàbá rẹ ní ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń kà sí tiwa lọ́rùn. Ó dáa, màá lọ. Ṣùgbọ́n sọ òtítọ́ fún mi: bí àwọn ọ̀gá rẹ bá bá wa nínú ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n bi ọ́ pé ta ni màmá yìí, kí ni wàá sọ? Mi ò ní tàn ọ́, ẹja á wà lọ́wọ́ mi, ìyàwó rẹ fẹ́ràn rẹ̀. Kọ èsì rẹ gàdàgbà, kí n lè kà á fúnra mi.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé, kí n fi ra agbọ̀n tó ní ìdérí, àti bàtà tó le, èyí tí mo lè fi sáré bí ọ̀rọ̀ bá dà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà àti ní gbogbo ilé epo. Iṣẹ́ tuntun á bá ọ lára mu. Ọmọ tí ẹ ń retí á bá wa láàyè, á sì mọ̀ wá lójú.

Kí o sì mọ èyí, Àrẹ̀mú. Bí ojú bá tì ọ́, tí o fi mí sílẹ̀ níbì kan, tí o wá padà, nínú òjò tàbí nínú oòrùn, tí wọ́n bi mí pé ṣé mo mọ̀ ọ́, màá ní ọmọ mi ni.

Èmi ìyá rẹ,
Àjọkẹ́.