Ọdún Tí Òjò Sùn Sílé Ìyàwó Kejì

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù karùn-ún

Òkun ti gbóná. Kì í ṣe èyí tó yí erékùṣù wa ká o — ti ọ̀nà jíjìn ni, ibi tí ọkọ̀ ojú omi máa ń pẹ́ kó tó dé. Àwòrán rẹ̀ pọ́n lójú kọ̀ǹpútà bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ojú-ọjọ́ dúró lẹ́yìn mi, ó wò ó títí. (Ọ̀gá Rọra ni mo ń pè é níbí. "Rọra" ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo nǹkan láyé.) Ó ní, "Rọra. Ká tún wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo ní a ti ń wò ó bọ̀ tipẹ́, ṣe ló kàn ń gbóná sí i. Ó mí kanlẹ̀.

Tó bá ti rí báyìí, ọdún máa ń gbẹ níbí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ ìgbà. "Ọ̀pọ̀ ìgbà" yìí ni kì í jẹ́ kí n sinmi.

Ìṣẹ́gun, 5

Ẹ̀yìn Òkè ni ọkàn mi wà. Níwájú òkè tí àwa ń gbé, afẹ́fẹ́ á ti orí òkun wá, á kọlu òkè, á gùn ún, á tutù, á sì da gbogbo omi tó gbé dání lé wa lórí. Kó tó sọdá sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún, òjò ńlá àárín ọdún nìkan ni wọ́n gbójú lé, òun gan-an ló sì máa ń sá tí òkun ọ̀nà jíjìn bá gbóná.

Ibẹ̀ ni Ìyá wà. Ìyá ọkọ mi. Òun nìkan, kànga kan, ewúrẹ́ mẹ́fà, àti ẹnu tó mú ju abẹ lọ.

Onípáìpù mi ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. (Ọkọ mi nìyẹn. Omi niṣẹ́ àwa méjèèjì: èmi ń ṣọ́ tòkè, òun ń tún tilẹ̀ ṣe.) Ó ní, "Ìyá ò ní wá. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́." Ọdún mẹ́ta.

Àbámẹ́ta, 9

A lọ sí Ẹ̀yìn Òkè. Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí wa bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni. "Ṣé ẹ̀yin nìyí? Mo rò pé ọ̀nà ti gbé yín mì ni." Ó rí mi: "Ìyàwó Wòkè! Kí lókè wí?" Òun ló sọ mí lórúkọ yẹn lọ́dún tí mo wọlé wọn. Ó ní n kì í wo ibi tí ẹsẹ̀ mi ń lọ, òkè ni mo máa ń wò, lọ́jọ́ kan n óò já sí kòtò.

Mo yọjú wo kànga. Àwọn òkúta tó yẹ kó wà lábẹ́ omi lásìkò yìí ti yọrí síta, wọ́n gbẹ táútáú.

Mo ṣàlàyé fún un nídìí ààrò. Ìkòkò kan ń hó. Mo ní, "Ìyá, ẹ wo ooru tó ń gòkè yìí. Ibi tí omi òkun bá ti gbóná jù ni irú ẹ̀ ti máa ń gòkè, ibẹ̀ náà lòjò máa ń pọ̀ sí. Lọ́dún kan, ìtòsí wa ni. Lọ́dún míì, omi gbígbóná náà á ṣí lọ sọ́nà jíjìn, ìkúukùu á sì tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló máa kù fún wa."

Ó ronú sí i. Ó fi ọmọrí dé ìkòkò.

"Ó yé mi. Òjò ní ìyàwó méjì. Ilé tí ìkòkò bá ti ń hó ló ń sùn."

Omi há Onípáìpù lọ́fun. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Àlàyé náà ku díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n n óò jí i lò.

Mo wá ní, "Ó jọ pé ilé ìyàwó kejì ló máa sùn lọ́dún yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ́dọ̀ wa." Ojú rẹ̀ yí padà wàrà. "Ta ló máa wo ewúrẹ́ mi?" Ọ̀rọ̀ bùṣe. 

Àìkú, 10

Mo fọṣọ. Mo wòkè. Aṣọ gbẹ kíá — mi ò fẹ́ kó gbẹ kíá.

Ọjọ́rú, 13

Ọ̀gá Rọra gbà ká kéde rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi sọ ọ́ lórí rédíò. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: tí òkun bá ti rí báyìí, nínú ọdún mẹ́wàá, bíi méje ló máa ń gbẹ. Pé òkun tiwa náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lè dá díẹ̀ nínú òjò padà. Kí àwọn tó ní táńkì tọ́jú omi, kí wọ́n sì má sọ̀rètí nù.

Ohun tí gbogbo ayé gbọ́: "Òjò ò ní rọ̀." Oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ ilé wa bi mí ta ló máa bá òun ra agbòjò òun.

Àbámẹ́ta, 16

Ìyá pè. Ó gbọ́ mi lórí rédíò. "O sáré sọ̀rọ̀ jù. Ṣé wọ́n ń lé ọ ni?" Lẹ́yìn náà: "Méje nínú mẹ́wàá, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. "Mẹ́ta yòókù ńkọ́?" Mo ní ọdún yìí lè wà lára mẹ́ta yòókù, mi ò lè parọ́ fún un. Mo ń gbọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó dáa." Ó gé e.

Ọjọ́bọ̀, 21

Ó ti ta ewúrẹ́! Gbogbo wọn! Ó pe ọmọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó ní kó wá gbé òun ní Sátidé. Onípáìpù wọlé, sípánà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí pé òun mú un dání. "Kí lo sọ fún un?" Mi ò sọ ju ohun tí mo sọ lọ.

Àbámẹ́ta, 23

Ìyá dé. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, òun tẹ̀ lé e. Ó wo yàrá tí a tún ṣe dè é, ó tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, ó ní, "Ó rọ̀ jù. Ṣé ẹ fẹ́ kí n má lè dìde mọ́ ni?" Ó ti sùn lọ kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa.

Ọjọ́rú, 27

Ìyá ti tún ilé ìdáná mi tò. Mi ò rí iyọ̀.

Àìkú, 31

Mo rí iyọ̀. Mo sì rí ọkọ mi tó ń súfèé nílé ìwẹ̀ — ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ. Ìyá ń bi í láti ìta bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, "Ṣé o fi ọṣẹ sẹ́yìn etí?" Arákùnrin tó ti ní ewú lórí. Ó ń dáhùn, "Mo fi í, Ìyá."

Nírọ̀lẹ́, àwa mẹ́ta lójú fèrèsé. Ìyá ń sọ bí Bàbá ṣe máa ń gbọ́ òórùn òjò kó tó dé, tí kì í sì í tọ̀nà rárá. A rẹ́rìn-ín títí. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbàgbé láti wòkè.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹfà

Ìjì kan ti ojú òkun wá, ó gba ẹ̀yìn òkè. A rí i lójú kọ̀ǹpútà láti àná, a sì kéde rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Òjò rọ̀ lé Ẹ̀yìn Òkè lórí bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Awakọ̀ tó gbé mi wálé ní ṣé kì í ṣe èmi ni mo ní òjò ò ní rọ̀.

Ìjì kan lè da omi odidi oṣù sílẹ̀ kó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ ohun tí ọdún máa jẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì tún ń rò ó pé: ewúrẹ́ mẹ́fà.

Ẹtì, 5

Aládùúgbò Ìyá pe ọkọ mi. Kànga ti kún dé ọrùn. Obìnrin yìí gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ó tú ilé rẹ̀ ká. Onípáìpù ní, "Sọ fún un. Tìẹ ló máa gbà."

Àbámẹ́ta, 6

Mo sọ fún un láàárọ̀ yìí. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Ìyá, kànga yín ti kún. Ẹ máà bínú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, a lè gbé yín padà. A ó wá bí a ṣe máa ra ewúrẹ́ míì."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀rù wà lójú rẹ̀. Mi ò rí i níbẹ̀ rí.

"Ṣé o ń lé mi ni?"

Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ̀wà dà sílẹ̀.

Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọmọ rẹ̀ wà nítòsí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọdún mẹ́ta lọmọ mi fi ń ní kí n wá, pé mo ti dàgbà, pé mi ò lè dá gbé. Tí mo bá wá nígbà yẹn, mo ti gbà nìyẹn. Gbogbo àdúgbò á ní, ẹ wò ó, kò lè dá gbé mọ́. Ìwọ lo wá sọ pé òjò ni ò ní lè dúró. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n! Òjò ló sá, kì í ṣe èmi." Ó ṣa ẹ̀wà kan, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ewúrẹ́? Ilẹ̀ á ṣú, màá máa bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn máa jẹnu wò mí. Kì í ṣe nǹkan téèyàn ń sọ fún ọmọ."

A jọ ń ṣa ẹ̀wà tó dà sílẹ̀.

Onípáìpù wọlé. Ó ti rò ó dáadáa, ó hàn lójú rẹ̀. Ó ní nígbà tí kànga ti kún, ṣé kí òun gbé Ìyá padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni? Òun ò fẹ́ dá a dúró tipátipá.

Ìyá ò wò ó. Èmi ló wò.

Mo fi ohùn rédíò sọ ọ́. "Ìjì kan ò tíì di àsìkò òjò. Òkun ọ̀nà jíjìn ṣì gbóná. Èmi ò ní gba Ìyá nímọ̀ràn kí wọ́n padà." Òótọ́ sì ni, gbogbo rẹ̀ pátá.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," lọkọ mi wí.

"Òun ló mọ̀ ọ́n," ni Ìyá náà wí, bí ẹni tí wọ́n fi dandan mú. Ó wá ní tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kó lọ kan ìkọ́ méjì sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá òun, aṣọ òun ò lè máa wà nínú àpò títí ayé. Mo ń gbọ́ òòlù rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, Ìyá sì ń pariwo pé ó wọ́.