Orúkọ Tó Yẹ Ọkọ̀ Ojú Omi Wa

Àǹtí Morìnsọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ orí rédíò o. Ẹ má dárúkọ mi, torí ìyá ọkọ mi ni olórí ẹgbẹ́ wa.

Àwa tá a ń yan ẹja ní Marine Beach ra ọkọ̀ ojú omi tuntun. Màmá fẹ́ ká kọ orúkọ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan sí i lára. "Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe gbèjà wa lórí rédíò lánàá ni?"

Mo gbọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wó àtíbàbà wa, ọ̀bùn ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yìí kan náà pè wá.

Ọ̀gá Sylvanus, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bíi tiẹ̀, kì í pariwo. Lọ́jọ́ náà, ó bá wa ru ẹja nínú òjò. Kò pa wá tì rí. Èèyàn gidi!

Ẹ̀yin olùgbọ́, tí ìjì bá ká yín mọ́ ojú omi, orúkọ ta lẹ máa fẹ́ lára ọkọ̀ yín?