Mẹ́rin Tí Mo Gbà ní Masaka

Ìyá mi,

Ara mi le, ẹja sì pọ̀ ní Kisumu níbí, ní ìkọjá ibodè. Ẹ rántí mẹ́rin tí mo gbà nínú ìdánwò ní Masaka, tí ẹ tìtorí ẹ̀ pa àkùkọ? Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá ilé-ìwé tuntun mi níbí pé lọ́dọ̀ wa ní Masaka, máàkì tó kéré jù ló dára jù: oókan lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ mẹ́rin.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mẹ́rin kẹ̀? Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta? Ewúrẹ́ á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

Mo tún ṣàlàyé. Ó ní kí n má bá àgbà jiyàn, ó sì dá mi padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀.

Èmi àti àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án la jọ ń jókòó báyìí. Wọ́n fẹ́ràn mi, èmi ni mo ń bá wọn de okùn bàtà.

Ẹ bá mi kí olùkọ́ tó kọ orúkọ mi sára ògiri ní Masaka nítorí mẹ́rin náà. Tó bá bèèrè mi, ẹ ní mo ṣì ń gbé ipò kìíní.

Ọmọ yín,
Nakimera